Mo Kánjú Lọ Kọ́ Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́

Aago méjì ọ̀sán ni fóònù mi máa ń dún, ọ̀rọ̀ tó sì máa ń yọ lójú rẹ̀ ni JÓKÒÓ JẸ́Ẹ́. Ní aago mẹ́rin, á tún dún: RÌN KIRI LÁÌNÍDÌÍ. Ní aago méje ìrọ̀lẹ́: WO BÍ OÒRÙN ṢE Ń WỌ̀. Bí oòrùn bá wá ń fi falẹ̀, inú mi á máa ru, nítorí mo ní iṣẹ́ tí mo gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ ní méje ààbọ̀. Èmi tí mo ti Lọ́ńdọ̀nù wá sábúlé kan nítòsí Orvieto ní Ítálì torí kí n lè bọ́ lọ́wọ́ ìkánjú, mi ò mọ̀ pé mo ti di ìkánjú náà mọ́ ẹrù tí mo gbé wọ bàálù.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe fún iléeṣẹ́ kan. Láti ìgbà Kòrónà ni wọ́n ti ní ká máa ti ilé ṣiṣẹ́, ilé tèmi sì ni yàrá kan ní Peckham, níbi tí mo ti ń jẹun lórí tábìlì tí mo fi ń ṣiṣẹ́, tí mo sì ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Ítálì ṣí físà sílẹ̀ lọ́dún 2024 fún àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ òkèèrè, mo ní tèmi ti dé. Mo ti ka ìtàn Carlo Petrini, ará ìlú Bra, àti bí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fẹ̀hónú hàn lọ́dún 1986 nítorí McDonald's tí wọ́n fẹ́ ṣí sẹ́bàá Piazza di Spagna ní Róòmù. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Slow Food ti ṣẹ̀ wá. Lọ́dún 1999, àwọn olórí ìlú mẹ́rin, Orvieto pẹ̀lú, tún kóra jọ dá Cittaslow sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ìlú tí kò fẹ́ ariwo àti wàdùwàdù. Ìlú tí èrò rẹ̀ bá ju 50,000 lọ kò lè wọ̀ ọ́. Mo ní ibi tí mò ń wá rèé.

Ìgbín ni Slow Food fi ṣe àmì. Ọmọ Yorùbá sì ni mí. Bí mo ṣe rí àwòrán ìgbín lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ kan, itọ́ ló kọ́kọ́ dà lẹ́nu mi. Mo wọlé, mo béèrè pé èló ni àwo kan. Ọmọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ wò mí, ó wo àmì náà, ó wá fi sùúrù ṣàlàyé fún mi pé ohun tí wọ́n ń wí ni pé kéèyàn má kánjú jẹun. Mo ní ó yé mi. Mo ní ṣùgbọ́n ṣé ìgbín kò wá sí rárá?

Mo rò pé níbi tí wọ́n ti ń fi pẹ̀lẹ́ ṣe nǹkan, kọfí ni wọ́n á fi ṣáájú. Rárá o. Òòró ni wọ́n ń mu kọfí nílùú yẹn. Ẹni náà á wọlé, á fara ti káńtà, á da ife kékeré náà sẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, ó ti lọ. Ẹni tó ń gbé oògùn mì kò yára tó bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo jókòó. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni mo béèrè cappuccino, èyí tí wọn kì í sábà mu kọjá àárọ̀, mo gbé láptọ́ọ̀pù sórí tábìlì, mo fi wákàtí mẹ́ta lá ife kan ṣoṣo. Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù wá nu tábìlì náà. Ó tún pa dà wá nù ún. Nígbà kẹrin, abẹ́ láptọ́ọ̀pù gan-an ló nù. Mo rò pé ìmọ́tótó ni, mo ń dúpẹ́.

Ti búrẹ́dì kò gba àlàyé púpọ̀. Aago kan ààbọ̀ ni mo jáde lọ rà á, ṣọ́ọ̀bù ti tilẹ̀kùn títí di aago mẹ́rin. Ọjọ́ mẹ́ta léra ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, mo gbálẹ̀kùn.

Ìyá àgbà kan ló ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé, ẹ̀kọ́ ilé mú mi, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fọwọ́ kanlẹ̀. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wá ohun tó bọ́ lọ́wọ́ mi. Mò ń pè wọ́n ní Màmá, ìyẹn sì yé wọn, torí báyìí náà ni wọ́n ṣe ń pe ìyá lédè tiwọn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá rí mi tí mò ń sáré gun àtẹ̀gùn, wọ́n á ní, "Piano, piano." Mo rò pé dùùrù ni wọ́n ń sọ. Lọ́sẹ̀ kejì, mo ní kí fóònù bá mi túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wọn: ẹ má bínú, Màmá, mi ò mọ dùùrù tẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. "Rọra, rọra" ni wọ́n ti ń wí fún mi láti ọjọ́ yìí.

Lóṣù kẹsàn-án, ọmọ wọn ní kí n wá bá àwọn kórè èso àjàrà. Mo ra fìlà koríko. Mo ra ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Aago mẹ́sàn-án ni mo dé oko bí ẹni tó fẹ́ wá ya fọ́tò, àwọn èèyàn náà sì ti wà níbẹ̀ láti aago mẹ́fà. Wọ́n fún mi ní sísọ́ọ̀sì àti agbọ̀n. Láàárín wákàtí kan, mo ti gé ara mi níka, ṣẹ́ẹ̀tì funfun ti di àdìrẹ, agbọ̀n ò kún, agbọ́n ti ta mí létí. Màmá ti gé èso kún agbọ̀n mẹ́rin, wọ́n sì ń kọrin.

Lálẹ́, mo pe ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, mò ń ṣàlàyé bí ẹ̀yìn ṣe ń ro mí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Ṣé oko lo lọ?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

"Èló ni wọ́n san fún ẹ?"

Mo ní wọn ò sanwó, mà, èmi gan-an ni mò ń sanwó ilé.

"Bàbá rẹ bẹ̀ ẹ́ títí kó o wá bá àwọn kórè kòkó, o ní ọwọ́ rẹ ò gba àdá."

Mo ní kòkó yàtọ̀, mà. Wọ́n ní kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣàánú mi, ó já.

Ṣùgbọ́n èyí tó kó ìtìjú bá mi jù ni ti sẹ̀mó. Ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń ṣe pásítà, semola, ọmọ ìyá kan náà ni pẹ̀lú sẹ̀mó wa, ó sì kún ọjà bí iyanrìn. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdé kan, mo ní ìpàdé orí fídíò pẹ̀lú ọ̀gá mi ní aago kan Lọ́ńdọ̀nù, ìyẹn aago méjì níbí. Mo da aṣọ sẹ́rọ ìfọṣọ, mo gbé sẹ̀mó ka sítóòfù oníná, mo tan kẹ́tù, mo wá wọlé ìpàdé. Kílówáàtì 3 péré ni iná tó ń wọ ọ̀pọ̀ ilé ní Ítálì. Bí ohun tó ń fà á bá ti pọ̀ jù, mítà á pa á. Ọmọdé ibẹ̀ mọ̀ ọ́n. Èmi tí wọ́n ti ń múná lọ lójú mi láti kékeré, nígbà tí gbogbo rẹ̀ kú pii, ojú fèrèsé ni mo kọ́kọ́ lọ wò bóyá àdúgbò lódindi ni.

Tèmi nìkan ni. Àwọn ará ibi iṣẹ́ sọ lẹ́yìn náà pé àárín ọ̀rọ̀ gbèsè oníbàárà ni mo wà tí àwòrán mi fi gan, ẹnu ní yíyà, ojú kan ní dídì. Ẹnì kan ya á pa mọ́. Wọ́n ṣì ń lò ó.

Mo sáré sọ̀kalẹ̀ lọ síbi àwọn mítà. Mẹ́ta ni mo bá, mi ò mọ èyí tó jẹ́ tèmi, mo ní kí n pa dà lọ mú fóònù. Ilẹ̀kùn ti ti ara rẹ̀. Kò ní ohun téèyàn lè yí níta, àfi kọ́kọ́rọ́, kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú ilé pẹ̀lú fóònù, láptọ́ọ̀pù, ọ̀gá, àti sẹ̀mó. (Nígbà tí mo fi máa rí sẹ̀mó yẹn, ṣíbí dúró láàárín rẹ̀ bí ọ̀pá àsíá.)

Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ń pa ẹ̀wà tútù. Mo fọwọ́ ṣàlàyé: ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́, ọ̀gá, ìpàdé. Ti kọ́kọ́rọ́ yé wọn. Wọ́n nawọ́ sí ilé odìkejì. Bàbá tó ń bá onílé tọ́jú kọ́kọ́rọ́ kejì ló ń gbébẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ kọrí síbẹ̀, wọ́n di apá aṣọ mi mú, wọ́n pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, wọ́n fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Bàbá ń sùn. Títí di ìgbà wo? Wọ́n na ìka mẹ́rin.

Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní iṣẹ́ ni, Màmá, lavoro. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, lavoro, wọ́n sì ti abọ́ ẹ̀wà náà sí mi.

Mo kọ́kọ́ ń pa á bí ẹni tí wọ́n ń lé, bí ẹni pé tí ẹ̀wà bá tètè tán, Bàbá á tètè jí. Ẹ̀wà ń fò kiri ilẹ̀. Màmá ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò sọ nǹkan kan. Ológbò kan wá, ó wò wá, ó lọ. Nígbà tó yá, mo ṣàkíyèsí pé èèpo ẹ̀wà náà ní ìlà pupa lára, mo ń wò ó, n ò sì mọ ìgbà tí ọwọ́ mi rọlẹ̀.

Láàárín ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í ké láti ojú fèrèsé òkè. Aago mẹ́rin. Fèrèsé ilé odìkejì ṣí, Bàbá yọjú, wọ́n ń yán. Màmá bi mí pé ta ló ń pè mí.

Mo ní kò sẹ́ni tó ń pè. Wọ́n tún bu ẹ̀wà sínú abọ́ mi.