Stout Kékeré, Ọmọ Houston

Upton Stout, dìde kí a rí ọ. O ti dìde? Háà! Mo rò pé o ṣì jókòó ni.

Má bínú, ọmọ mi, ẹ̀fẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹsì 8 kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa Yorùbá tí a ń gbé Spring, ní àríwá Houston tó bí ọ, ní ìbéèrè kan: ta ló fi Stout jẹ orúkọ ìdílé? Ní Mushin, bí ẹnìkan bá ké pé Stout ti dé, àwọn bàbá ti ń wá ife nìyẹn. Bí o sì ṣe mọ yìí, stout kékeré ni ọ́. Odeku kọ́ rárá.

Síbẹ̀, lọ́dún 2025, San Francisco 49ers, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá ti Amẹ́ríkà, wá ọ dé yunifásítì Western Kentucky. Nígbà tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń mú agbábọ́ọ̀lù tuntun, ìwọ ni ẹni 100 tí wọ́n pè. Kọ́nábáàkì ni wọ́n fi ọ́ ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ iṣẹ́ náà, ẹ gbọ́: ènìyàn á máa fi ẹ̀yìn sáré, ojú rẹ̀ á wà lára géńdé tó ga jù ú lọ, bí ajigbèsè tó ṣe kòńgẹ́ ẹni tó yá a lówó lọ́jà.

Kì í kúkú ṣe Stout nìkan. Ẹ wo àwọn kọ́nábáàkì mìíràn. Ahmad Gardner ń jẹ́ Sauce; kóòṣì rẹ̀ nígbà èwe ló kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀. Ọbẹ̀ ọ̀hún dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tuntun tó mọ ẹ̀yìn ṣọ́ jù lọ ní 2022. Storm Duck wà, pẹ́pẹ́yẹ tó ń bá ìjì rìn. Ọtí wà, ọbẹ̀ wà, ẹran wà. Andraez Williams wá ńkọ́? Greedy ni. Wàrà tó ń mu bí omi nígbà tó wà ní ìkókó ló jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ ní wọ̀bìà. Òun ni yóò jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Alága ìjókòó ló kù, Captain Munnerlyn á sì gba ipò yẹn: Captain ni orúkọ rẹ̀ gan-an.

Paulson Adebo, tó dàgbà ní Mansfield ní Texas wa níbí, ni orúkọ rẹ̀ kò ṣeé gbé sórí tábìlì. Ṣùgbọ́n ní 2025, New York Giants bá a ṣe àdéhùn ọdún 3 fún mílíọ̀nù 54 dọ́là. Adé kò ṣeé jẹ, ó ń mówó wọlé.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ará Spring? Ẹ rọra. Kí ìyá Storm tó bí i, Thunder Balogun ti ń fi bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ dẹ́rù ba àwọn aṣọ́lé nílé ní Nàìjíríà. Orí rédíò ni Ernest Okonkwo ti sọ Segun Odegbami di Mathematical, kò sì sẹ́ni tó bi í ní ìṣirò kan. Kool-Aid McKinstry ti New Orleans ńkọ́? Ga'Quincy ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ àgbà wo ẹ̀rín ọmọ náà, ó ní ó jọ ti jọ́ọ̀gì pupa inú ìpolówó ohun mímu Kool-Aid. Ìyàwó ilé wo ní Ọ̀yọ́ ni kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀? Òun náà wo eyín ọmọ ọkọ rẹ̀, ó pè é ní Eyínfúnjowó, orúkọ tí bàbá ọmọ sọ ọ́ sì di ìtàn.

Nítorí náà, ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ẹ wo ilé yín: Olúwafẹ́rànmi tí ẹ pa ẹran fún lọ́jọ́ ìkómọ, tó wọ ilé ìwé ní Spring, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ di Ferrari. Ẹ jẹ́ kí òun náà lọ ṣe kọ́nábáàkì. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ yá, orúkọ rẹ̀ á ti bá a sáré débẹ̀.