Bó O Ṣe Lè Fi Owó Kékeré Ba Ilé Ìdáná Màmá Ẹ Jẹ́

Ilé tí bàbá ẹ fi owó Udoji, ìyẹn àfikún owó oṣù tí ìjọba san fún àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀, kọ́ n'Íbàdàn ní 1975 ṣì dúró digbí, àmọ́ ilé ìdáná ibẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Èéfín sítóófù oníkẹrosíìnì ló kun ògiri ẹ̀. Wàyí o, owó díẹ̀ wọlé fún ẹ, o sì ti pinnu pé ó gbọ́dọ̀ di tuntun kí Iléyá tó dé. O káre láé. Má ṣe yà kúrò nínú ìlànà yìí.

Má bi màmá ẹ ní ohunkóhun. Òun ló ń dáná níbẹ̀ látijọ́, kí ló wá mọ̀? Fóònù ni kó o bi. Wá fọ́tò ilé ìdáná àwọn ará Ítálì, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í ro àmàlà, kó o sì sọ fún káfíńtà pé bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn lo fẹ́ ẹ.

Wọ́n á gbé kàántà ga tó ínǹṣì 36. Ìyẹn dára fún ẹni tó fẹ́ gé àlùbọ́sà. Ìwọ wá gbé kúkà gáàsì onítábìlì lé e lórí, kó o gbé ìkòkò lé kúkà. Màmá, tí kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ, á wá nàgà ro àmàlà lókè lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá ti di orógùn mú rí mọ̀ pé ńṣe lèèyàn ń fara tì í láti òkè. Èjìká àti ẹ̀yìn ló ń ṣiṣẹ́ náà, kì í ṣe ọrùn ọwọ́. Ọlọ́gbọ́n á ní kí wọ́n rẹ apá kan kàántà náà sílẹ̀, kí iná lè wà ní ìsàlẹ̀, kí àpótí ìjókòó màmá sì ráyè níwájú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n kọ́ là ń bá sọ̀rọ̀.

Ní ti táìlì, èyí tó ń dán gbinrin ni kó o rà sílẹ̀. Bí epo pupa bá kán sí i, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ á ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó mọ̀ pé òun ti kúrò nídìí iná. Iye páálí tó máa gbà gẹ́lẹ́ ni kó o rà, má fi ẹyọ kan lé e. Tí táìlà bá gé mélòó kan fọ́, tó o padà sọ́jà, wàá rí i pé àwọ̀ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ò bá ti àkọ́kọ́ mu. Dúnàádúrà owó iṣẹ́ títí táìlà á fi máa bu símẹ́ńtì sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìkan. Táìlì bẹ́ẹ̀ ṣófo láàárín. Fi ìka kàn án, wàá gbọ́ kó-kó-kó. Kó o wá gbé odó lé e. Iyán ọjọ́ Sọ́ńdè kan á parí ìyókù.

Lẹ́yìn náà, yọ fèrèsé lúfà dànù, ayé ti kọjá ibẹ̀. Fi sliding sí i. Lúfà máa ń ṣí tán, sliding kì í ṣí ju ìlàjì lọ, nítorí náà ata díndín á dúró bá yín lálejò. Bí ikọ́ bá pọ̀, ra ẹ̀rọ tó ń fa èéfín, má sì lu ògiri fún un. Á máa fa èéfín lórí ìkòkò, á máa fẹ́ ẹ padà sójú ẹ, ìyẹn bí iná bá wà.

Àjà ilé ìgbà yẹn lè jẹ́ asbestos. Níbi yìí, mo fi ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀: má ṣe jẹ́ kí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kankan fi òòlù fọ́ ọ. Eruku ẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè tó ogún ọdún kó tó yọjú. Bí kò bá tíì sán, kùn ún ní ọ̀dà, kó o fi í sílẹ̀.

Ó yá, ká máa bá agọ̀ wa lọ. Kọ́bọ́ọ̀dù ńkọ́? Bí wọ́n bá ní kó o ra marine board lọ́jà pákó Bódìjà, wọ́n fẹ́ jẹ ẹ́ lówó ni. Ra èyí tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi lẹ̀ pọ̀. Omi á kàn án, á wú, ìlẹ̀kùn ò ní pa dé mọ́. Ní kí púlọ́ńbà gé páìpù tó tẹ̀ kọdọrọ lábẹ́ síǹkì kúrò. Omi tó ń dúró síbẹ̀ ló ń dínà mọ́ òórùn gọ́tà, ìwọ ò sì fẹ́ ìdíwọ́.

Sílíńdà gáàsì 12.5 kg náà, inú kọ́bọ́ọ̀dù yìí kan náà ni kó o tì í mọ́. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá ń jò, ilẹ̀ ló ń kóra jọ sí. Àwọn tó fẹ́ràn ilé wọn ń gbé sílíńdà síta, wọ́n ń fi omi ọṣẹ kun ẹnu rọ́bà, wọ́n ń wò ó bóyá á hó. Ìwọ fi ìṣáná wò ó, kí gbogbo àdúgbò lè mọ̀ pé o tún ilé ìdáná ṣe.

Tó o bá parí, ya fọ́tò, gbé e sórí WhatsApp. Màmá á ṣàdúrà fún ẹ dáadáa, á sì gbé àdògán ẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé. Má wulẹ̀ ronú àtigba owó padà. Kò sí ọlọ́jà tó ń gba táìlì tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́lẹ̀.