Hẹ̀rẹ̀huru Ará Ilé

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹni tó pa òwe yìí kò gbé ẹ́sítéètì rí. Ògiri tirẹ̀ fẹ́lẹ́. Tiwa ga débi pé alángbá ń sinmi kó tó gùn ún dókè. Bí ará ilé bá húkọ́ mọ́jú lónìí, jẹnẹrétọ̀ ni yóò bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Màmá kan wà ní ẹ́sítéètì wa. Ọmọ wọn tó wà ní Houston ní ojú òun kò gbà á kí ìyá òun ṣì máa gbé agboolé ní Bẹẹrẹ, n'Ìbàdàn, níbi tí ewúrẹ́ ti ń wọ yàrá láìkan ilẹ̀kùn. Ó kọ́lé fún wọn lẹ́yìn ìlú: táìsì rèǹtè, kámẹ́rà, máígáàdì tí kò gbọ́ Yorùbá. Orí fóònù ló ti ń wo màmá bí wọ́n ṣe jókòó sí pálọ̀. "Màámi ń gbádùn, wọn kì í ráhùn." Ta ni wọn ó ráhùn sí?

Ní Bẹẹrẹ, bí màmá bá pẹ́ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, ẹlẹ́kọ á bèèrè, ìyàwó ilé kejì á bèèrè, ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ lánàá á wá dá ṣéńjì padà. Kí oòrùn tó mú, gbogbo agboolé ti mọ̀ pé orúnkún ló ń dun màmá. Òfófó là ń pè é. Mi ò ní ó dára o, ó ti tú ilé ọlọ́kọ ká rí. Àmọ́ nọ́ọ̀sì tí kì í gbowó oṣù ni.

Ìwádìí Ibadan Study of Ageing, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣáájú rẹ̀, wo àgbà 2,152 nílẹ̀ Yorùbá, àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè. Lára ohun tó hàn gbangba jù pé ó ń mú ayé dẹrùn fún wọn ni alábàárò, àti kí àwọn náà máa dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí àti ti àdúgbò. Mi ò rí táìsì níbẹ̀.

Ẹ́sítéètì kúkú ní ẹgbẹ́ WhatsApp. Ìjà owó dísù ni wọ́n ń jà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, màmá gbé àpótí síta ẹnu géètì, wọ́n ń kí ẹni tó ń kọjá, oníbúrẹ́dì sì dúró bá wọn ṣàwàdà. Alága kọ lẹ́tà sí Houston pé àpótí yẹn ń ba ojú ẹ́sítéètì jẹ́. Ọmọ bẹ̀bẹ̀, ó sanwó ìtanràn, ó sì ra àga onítìmùtìmù tuntun sí pálọ̀.