Erin Nínú Ìtẹ́ Eku

Àwọn baba wa tí wọ́n sọ pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́ kò rí sólà rí kí ilẹ̀ tó gbà wọ́n, wọn kò sì gbọ́ ohun tí ń jẹ́ wọ́ọ̀tì. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ àtifi oòrùn tan iná ní abúlé tí òpó NEPA kò dé, kò sí ìwé tí yóò kà tí yóò borí gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn. Eku òde òní ni kò gbà mọ́. Ìtẹ́ tí owó rẹ̀ ká kò ju ti ẹlírí lọ, ṣùgbọ́n erin ni ó fẹ́ tẹ́ sínú rẹ̀. Bí ìtẹ́ bá sì ya, yóò ní olè ni ẹni tí ó hun ún.

Ẹ jẹ́ kí á gba Òkè-Ògùn lọ, kí á fi Ìséyìn ọmọ Ẹbẹdí sílẹ̀ lẹ́yìn, kí á kọjá Ṣakí, kí á sì yà kúrò lójú títì sí àwọn abà tí ó jẹ́ pé ọ̀kadà nìkan ni ó ń dé ibẹ̀ nígbà òjò. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti da aṣọ bo jẹnẹrétọ̀ wọn ní igun ilé, ẹni kan wà tí a kò lè ṣàì bá pàdé lójú ọ̀nà yìí: ó jẹ́ tíṣà láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ó di oníṣẹ́ sólà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó di páńẹ́ẹ̀lì mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó sì gbé bátìrì sáàárín itan bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

“Bàbá, kí ni ẹ fẹ́ máa lò?”

“Gílóòbù mẹ́rin péré, ọmọ mi, àti fáànù kan tí yóò máa lé ẹ̀fọn.”

Tíṣà kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ó tó pa ìwé dé, tẹlifíṣàn àwọn ọmọ ti wọlé; kò pẹ́, fíríìjì tí ìyá wọn yóò fi máa ta omi tútù tẹ̀lé e; nígbà tí ó yá, Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀ pé, “Áyọ́ọ̀nù ńkọ́? Ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo ń lò ó.”

Bátìrì tí ó wà láàárín itan jẹ́ fóótì 12, 100 Ah. Ìṣirò rẹ̀ kò le: 1,200 wọ́ọ̀tì fún wákàtí kan ni gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, bátìrì olómi kò sì fẹ́ kí á mu ju ìdajì lọ bí a bá fẹ́ kí ó pẹ́ láyé. Ìdajì yẹn, 600, yóò gbé gílóòbù mẹ́rin àti fáànù fún bíi wákàtí mẹ́fà, oorun yóò sì dùn. Áyọ́ọ̀nù tí ń jẹ 1,000 wọ́ọ̀tì yóò lá a gbẹ kí wákàtí kan tó pé, bí ínfátà kékeré tí a so mọ́ ọn kò bá tilẹ̀ ti ké gbe ṣáájú. Gbogbo èyí ni tíṣà mọ̀. Àmọ́ ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́: ó wo ojú Bàbá, ó wo owó tí ó wà lọ́wọ́ Bàbá, ó ní, “Yóò gbé e, Bàbá.”

(Èmi kò bá Bàbá wí tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ti ń fi fìtílà jẹun alẹ́ láti kékeré, bí iná bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò burú bí ó bá fẹ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀.)

Àwọn tí ń ta páńẹ́ẹ̀lì náà kò jẹ́ kí á gbàgbé erin. Oòrùn ọ̀sán gangan, arànlé-ranko tí kì í gba rìbá, kò ju bíi 1,000 wọ́ọ̀tì lọ lórí mítà kan níbùú, mítà kan lóròó. Páńẹ́ẹ̀lì tí ó sì dára lóde òní, bí ìdá kan nínú márùn-ún ni ó ń rí mú nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ẹ ó rí páńẹ́ẹ̀lì tí kò tó mítà kan yẹn lọ́jà, tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ 500 wọ́ọ̀tì sí lẹ́yìn. Ẹ̀yìn páńẹ́ẹ̀lì kì í kọ ohunkóhun tí a bá kọ sí i. Àwọn olóṣèlú náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn tí ń ri ọ̀pá iná mọ́lẹ̀ níwájú kámẹ́rà.

Nígbà tí oṣù Agẹmọ bá dé, tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run, tí bátìrì kò kún mọ́ lójúmọmọ tí a sì ń fà á gbẹ lálaalẹ́, fóònù tíṣà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú kíláàsì. Ó ti ṣèlérí pé ohun tí ó bá bàjẹ́ láàárín ọdún kan, òun yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sì rántí fi owó ọ̀kadà àlọ àti àbọ̀ kún iye tí ó gbà, èyí tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí yóò bá fi lọ lẹ́ẹ̀kejì, èrè ti tán, nígbà tí yóò bá fi lọ lẹ́ẹ̀kẹta, owó oṣù ìjọba ni ó ń ná. Síbẹ̀ ó ti tẹ káàdì tí ó kọ Ọ̀gá Àgbà Pátápátá sí lábẹ́ orúkọ rẹ̀, ó ní ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ òun ń bọ̀ ní Ìbàdàn, ní Èkó, àti lókè òkun. Àkàbà tí ó fi ń gun òrùlé, ọwọ́ káfíńtà ni ó ti yá a, káfíńtà náà sì ti ń wá a láti Ọjọ́rú.