Kàlẹ́ńdà Emery Ṣì Wà Lọ́wọ́ Mi

Ipò keje ni Manchester United wà nígbà tí wọ́n lé David Moyes ní April 2014. Ipò keje náà ni Moyes yìí kan náà gbé West Ham sí nígbà tí sáà 2021/22 parí. Ní Manchester, keje yẹn di ọ̀fọ̀. Lọ́dọ̀ West Ham, ó di àríyá. Nígbà tó fi máa di June 2023, ó ti bá wọn gba ife Conference League ní Prague, irú ife ńlá tí wọn ò rí gbà láti 1980. Àwa tí a lé e wá jókòó sí Bariga, à ń ṣírò ọjọ́ orí Alex Ferguson, bóyá ara bàbá ṣì lè gbé e.

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Shomolu, Bariga ni mò ń gbé, Man U ni mò ń ṣe. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìtẹ̀wé ló ń fún mi lówó, Bariga ló ń fún mi lórúkọ, Man U ló ń fún mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo máa ń sanwó wọ ilé ìwòran, mo máa ń fara da ooru, èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ọ̀dọ́mọkùnrin tó sọ orúnkún mi di bẹ́ǹṣì. Bí mo bá wá délé, ìyá àwọn ọmọ mi á ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ̀yin lẹ tún ń sanwó fún wọn kí wọ́n tó nà yín ni?" Mi ò lésì.

Ǹ bá gbà pé Moyes ò mọṣẹ́, kí ọkàn mi balẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá ló lò ní Everton, níbi tí owó ò ti pọ̀. Ẹni tí ò gbówó lórí ló ń rà, tó ń fi sùúrù kọ́, tó ń fi ẹ̀yìn dí ẹnu ọ̀nà kó tó máa wá góòlù. Ní 2005, ipò kẹrin ló gbé wọn sí. Ferguson fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n mú un, United sì fún un ní àdéhùn ọdún mẹ́fà. Kò lo oṣù mẹ́wàá. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ díẹ̀ di púpọ̀ ni wọ́n ní kó wá máa ṣọ́ púpọ̀ kó má baà dín kù. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìdíje tó gbẹ̀yìn tí wọ́n fi já a sílẹ̀ ńkọ́? Everton gan-an ló nà án ní 2-0.

Kí ẹ má baà ní ẹkún ara mi nìkan ni mò ń sun, ẹ jẹ́ ká yà sọ́dọ̀ Arsenal. Ẹni tó bá mọ Shomolu mọ̀ pé bí oṣù October bá ti wọlé, a kì í sùn mọ́. Kàlẹ́ńdà ọdún tuntun ni: ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti ẹgbẹ́ alájọ, ti olóṣèlú tó ń rẹ́rìn-ín. Ní 2019, ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn Arsenal kan tí n kò ní dárúkọ gbé tiwọn wá. Wọ́n fẹ́ kàlẹ́ńdà 2020, kí ojú Unai Emery wà láàárín gbàgàdà. Wọ́n san ìdajì owó. Mo ra bébà, mo ṣe pléètì, mo tẹ̀ ẹ́, mo gé e, mo dì í. Ní 29 November, Arsenal lé Emery. Mo pe alága wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Ìbejì," ló wí. "Ẹ ò lè bá wa fi nǹkan bo ojú ẹ̀ ni?"

"Ojú tí ẹ ní kó wà láàárín gbàgàdà?"

"Ẹ má bínú, sà. À ń bọ̀ lọ́la."

Ọ̀la náà ò tíì dé. Kàlẹ́ńdà náà ni àwọn ọmọ mi fi di ìwé wọn, òun ni olóúnjẹ tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù fi ń di ẹ̀bà, kò sì tán.

Ìyẹn ì bá mọ bẹ́ẹ̀. Ní May 2021, United dé àṣekágbá Europa League ní Gdańsk. Villarreal ló kò wá lójú, ẹgbẹ́ ìlú kékeré kan ní Sípéènì tí èèyàn inú rẹ̀ tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta. Bí gbogbo wọn bá wọ Bariga lọ́jọ́ ọjà, a ò ní mọ̀ pé àlejò dé. Ta ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn? Emery. A ta ọ̀mì 1-1, ó di pẹnáritì, gbogbo èèyàn ń gbá a wọlé títí ó fi ku àwọn aṣọ́lé méjèèjì. Tiwọn gbá a wọlé. De Gea tiwa gbá tirẹ̀, wọ́n mú un. 11-10. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, Emery jókòó tò sí ìdí ògiri, ó ń wò mí lójú láti January dé December.

Ẹ má sì pe ọkùnrin náà ní òpè. Kó tó dé Arsenal, ó ti bá Sevilla gba Europa League ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta léraléra, láti 2014 sí 2016. Ọgbọ́n rẹ̀ wà nínú fídíò: á tú ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ pàdé palẹ̀, á wá mú àwọn ọmọ rẹ̀ jókòó kí wọ́n wò ó títí. Joaquín, tó gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ rẹ̀ ní Valencia, fi ṣàwàdà pé fídíò náà pọ̀ débi pé gúgúrú tán mọ́ òun lọ́wọ́. Agbábọ́ọ̀lù tó ṣì ń wá orúkọ á jókòó wò ó. Ní PSG tí Neymar wà, ta ló fẹ́ wo fídíò? Ní Arsenal, Gẹ̀ẹ́sì ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wá dé Aston Villa ní 2022, nígbà tí ẹgbẹ́ náà ń rá pálá nítòsí ìsàlẹ̀ tábìlì. Ṣé ẹ mọ ipò tó gbé wọn sí nígbà tí sáà yẹn parí? Keje! Wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ní sáà kejì, ó di kẹrin. Ní October 2024, Bayern Munich bọ́ sí wọn lọ́wọ́ nínú Champions League, wọ́n nà wọ́n ní 1-0. Ẹ̀yin Arsenal, ojú tí ẹ ní kí n bò ti wá di ojú àríkí báyìí. Ẹ wá kó ẹrù yín.

Bọ̀dá Sáídì, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kan tèmi, tó ń ṣe Chelsea, ní àwáwí ni gbogbo ohun tí mò ń sọ. "Bàbá Ìbejì, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe, kò síbi tí ò ti ní í mọ̀ ọ́n ṣe. Ancelotti ńkọ́?" Lóòótọ́, Carlo Ancelotti ti gba líìgì ní Ítálì, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jámánì àti Sípéènì. Mo ní kó dúró ná. Ancelotti yìí kan náà lọ sí Everton, ipò kẹwàá ló gbé wọn sí ní 2021. Ẹgbẹ́ tí Moyes gbé dé ipò kẹrin! Mo wá bi í pé, "Graham Potter yín ńkọ́, tí gbogbo ayé ń yìn ní Brighton? Ṣé ó lo oṣù méje lọ́dọ̀ yín?" Bọ̀dá Sáídì ò fọhùn. Ó tẹ ẹsẹ̀ máṣìn, ó ń rán ṣòkòtò tó ti rán tán.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá mọ sí òkè òkun, màá fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Àmọ́ Super Eagles náà ò jẹ́ n sinmi. Amodu Shuaibu gbé wa yege fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2010, wọ́n yọ ọ́ lórí oúnjẹ tó sè fúnra rẹ̀, bí wọ́n ti ṣe fún un kí ti 2002 tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé Lars Lagerbäck wá, ẹni tó ti gbé Sweden dé ìdíje ńlá márùn-ún léraléra. Kó tó mọ orúkọ àwọn ọmọ wa tán, ìdíje ti dé. Máàkì kan ṣoṣo la rí kó bọ̀. Ọkùnrin náà kọjá sí Iceland, orílẹ̀-èdè tí gbogbo èèyàn inú rẹ̀ ò tó ìdajì mílíọ̀nù. Àwọn ọmọ kan náà lòun àti Heimir Hallgrímsson ń kọ́ lọ́dún dé ọdún, tí kálukú fi mọ ibi tí èkejì rẹ̀ máa dúró sí. Ní 2016, wọ́n lé Gẹ̀ẹ́sì kúrò nínú ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù ní 2-1. A pàdé Iceland fúnra wa ní Rọ́ṣíà ní 2018, Ahmed Musa jẹ góòlù méjì. Mo fò sókè. Ìgbà tí mo balẹ̀ ni wọ́n sọ fún mi pé Lagerbäck ti kúrò níbẹ̀.

Gernot Rohr ńkọ́? Ó lé ní ọdún márùn-ún tó fi wà lọ́dọ̀ wa, a ní bọ́ọ̀lù rẹ̀ ò dùn ún wò, a lé e. Ó rékọjá bodè Sẹ̀mẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn ìbátan wa ní Benin. Nígbà tó yá, àwa mú Finidi George, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá Enyimba gba líìgì ilé ní 2023. Ní June 2024, Benin pàdé wa ní Abidjan. Àwa la kọ́kọ́ jẹ góòlù. Wọ́n nà wá ní 2-1. Finidi kọ̀wé fipò sílẹ̀ kí oṣù méjì tó pé. Ẹni tí a lé fi ẹni tí a yàn ṣòfò.

Stephen Keshi nìkan ló tù mí nínú, nítorí ẹnu ọ̀nà wa níbí ni wọ́n ti kọ́ ọ: St Finbarr's, Akoka, ilé ìwé tí Fadá Denis Slattery dá sílẹ̀ ní 1956. Keshi ló gbé Togo yege fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2006, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ nínú ìtàn wọn. Wọ́n yọ ọ́ kí ìdíje tó dé. Ó lọ sí Mali, ìyẹn náà ò jọ. Nígbà tó dé ilé, ẹ wo iṣẹ́! Líìgì ilé tí àwọn mìíràn ń rẹ́rìn-ín sí ló ti lọ ṣa àwọn ọmọ, Sunday Mba sì wà nínú wọn. Mba yìí ló jẹ góòlù tó fún wa ní Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní February 2013, nígbà tí a na Burkina Faso ní 1-0. Keshi ti jẹ́ balógun ẹgbẹ́ kan náà tó gba ife náà ní 1994. Kò sí ìràwọ̀ kankan tó lè wá dá ọgbọ́n orúkọ ńlá fún un. Ó mọ ilé, ilé sì mọ̀ ọ́n.

Lọ́dọ̀ wa ní Shomolu, máṣìn àtijọ́ kọ̀ọ̀kan ní àrùn tirẹ̀: ibi tí bébà ti ń há, ibi tí yíǹkì ti ń pọ̀ jù. Bí mo bá fẹ́ gba òṣìṣẹ́, mi ò ní bi í pé ìwé mélòó lo ti tẹ̀. Máṣìn wo lo fi tẹ̀ ẹ́ ni màá bi. Àwọn tó ń náwó ribiribi lórí akọ́nimọ̀ọ́gbá ò bi irú ìbéèrè yẹn rí. Wọ́n rí Ruben Amorim tó bá Sporting gba líìgì Potogí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n gbé e wá sí United. Èèyàn mẹ́ta lẹ́yìn ni bọ́ọ̀lù tirẹ̀, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó tiẹ̀ ní Póòpù pàápàá ò lè mú òun yí i padà. Àwa sì ti ra agbábọ́ọ̀lù èèyàn mẹ́rin lẹ́yìn jọ fún ọdún gbọọrọ. Ipò kẹẹ̀ẹ́dógún la parí sí ní 2025. Ní August, Grimsby Town, ẹgbẹ́ ìpele kẹrin, fi pẹnáritì lé wa kúrò nínú ìdíje ife nílé wọn. Nígbà tí mo kọjá ní Ladi-Lak láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ṣe ni wọ́n ń kí mi: "Ẹ kú ará fẹ́ra kù o!" Mi ò bá Amorim jà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tó tún gbé e wá ni kó wá gba ìkíni yẹn.

Nítorí náà, mo ti ṣe òfin tuntun ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kí n tẹ ojú akọ́nimọ̀ọ́gbá sórí kàlẹ́ńdà, ì báà jẹ́ ti òkè òkun, ì báà jẹ́ ti Super Eagles, kó kó gbogbo owó wá kí n tó tan máṣìn. Àwọn olóṣèlú ṣì lè san ìdajì. Tiwọn ṣáà ń lo ọdún mẹ́rin.