Akoto Pupa

Ìyá Bíọ́dún, ẹ gbé àpótí yín sún mọ́ mi. Ẹ rọra o, fèrèsé Ìyá Aláṣọ ṣí sílẹ̀.

Ẹ ti gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù gun alùpùpù lọ sí Nọ́wè? Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé fóònù kiri láti yàrá dé yàrá bí ẹni ń pín sàárà. Ọ̀kadà ni bàbá ọmọ yẹn gùn títí tó fi rán an níwèé, kó má baà gun ọ̀kadà. Ọmọ kàwé tán, ó ra alùpùpù! Bàbá tiẹ̀ ń gbé èrò, owó ń wọlé. Èyí ń sun epo gba Jámánì dé Dẹ́nmáàkì, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, kò gbé ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ di ọ̀rọ̀ yẹn mú fún mi.

Ọ̀nà kan wà ní Nọ́wè yẹn tó ń jẹ́ Trollstigen, àkàbà àwọn iwin. Kọ́nà 11 ló ní lára òkè, omi sì ń já ṣòòròṣò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọba wọn, Haakon Keje, ló ṣí i ní 1936. Nígbà òtútù, wọ́n ń tì í pa nítorí yìnyín. Wọ́n ní bí ilẹ̀ bá mọ́ bá iwin níta, òkúta ló ń dà. Mo rẹ́rìn-ín títí. Bàbá Onílé wa ńkọ́, tí ilẹ̀ ń mọ́ bá níta lójoojúmọ́? Kò di òkúta, owó ilé ló ń fi kún.

Kí ni mo ń sọ? Ẹ̀n-ẹ́n, òkun. Òkun ibẹ̀ kì í dúró sí etíkun, àárín òkè ló ń wọ̀ lọ. Láyé ọjọ́un, yìnyín tó tóbi bí òkè ló gbẹ́ àfonífojì wọ̀nyẹn, kí òkun tó ya wọ inú wọn. Èyí tó ń jẹ́ Sognefjord wọ inú ilẹ̀ ju 200 kìlómítà lọ. Lápá Geiranger, oko kan wà lórí àpáta, Skageflå. Wọ́n ní bí agbowó-orí bá ti yọ lókèèrè, ará oko á fa àkàbà sókè. Ẹ ṣáà má sọ fún Ìyá Aláṣọ. Owó àjọ mi oṣù méjì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ihò kan tún wà tí wọ́n lu gba abẹ́ òkè, Lærdal, kìlómítà 24 àti ààbọ̀. Wọ́n tan iná aláwọ̀ búlúù sí ibi mẹ́ta nínú rẹ̀, kí oorun má baà gbé awakọ̀.

Ṣùgbọ́n Geiranger yẹn ni mo ní lọ́kàn. Omi méje ń já bọ́ níbẹ̀, Arábìnrin Méje lorúkọ wọn. Omi kan ṣoṣo dojú kọ wọ́n lódìkejì, òun ni Àfẹ́sọ́nà. Wọ́n ní ó kọnu ìfẹ́ sí gbogbo wọn, wọn ò gbà, ló bá di ọ̀mùtí. Àní àwòrán ìgò wà lára omi náà!

Iwájú àwọn arábìnrin yìí lọmọ Ìyá Aláṣọ dúró sí ya fọ́tò. Ó sì dá rìn o! Ìyá ti gé léèsì sílẹ̀ de ọmọbìnrin kan tó bá a wá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí mi lórí Wasaapu, kí n lè rí i dáadáa.

Mo rí i dáadáa. Akoto tirẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ta ló ni akoto pupa tó so kọ́ ọwọ́ alùpùpù? Ta ló tiẹ̀ ya fọ́tò?

Ẹ gbà, ẹ fi ìka fẹ̀ ẹ́. Ẹ wo inú dígí alùpùpù. Ṣé ẹ rí ẹni tó gbé fóònù sókè? Ẹ wo jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kẹ́ ẹ padà wo ti ọmọ.

Ànkóò! Ìyá Aláṣọ tó ń ta ànkóò fún gbogbo àdúgbò, kò rí i!