Ìwádìí lórí Ẹni Tó Ń Ka Bíbélì Níbi Àdúrà Ìdájí

Ohun tí ìwádìí yìí fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé, nínú ilé onígbàgbọ́ ní Òdogbolú nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ọmọ tó ń ka Bíbélì níbi àdúrà ìdájí ṣe pàtàkì ju bàbá tó ń gbàdúrà lọ. Mo mọ̀ pé àwọn bàbá kan ò ní gbà. Ẹ jẹ́ ká yẹ ẹ̀rí wò.

Kó tó di ọdún 1892, àwọn Ìjẹ̀bú kì í fẹ́ kí òyìnbó gba ilẹ̀ àwọn kọjá, ká má tilẹ̀ sọ pé kí míṣọ́nnárì wá tẹ̀dó. Oṣù karùn-ún ọdún náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun wọn ní Ìmàgbọ̀n. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí fi gbilẹ̀ káàkiri. Àwọn òpìtàn ti sọ̀rọ̀ ìbọn àti òwò tó. Ọ̀rọ̀ ìwé ni kò tíì tó. Láti ọdún 1884 ni odidi Bíbélì ti wà ní Yorùbá, iṣẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe. Nígbà tí ìgbàgbọ́ máa fi ráyè wọ Ìjẹ̀bú, ìwé ti wà nílẹ̀, ní èdè tí ìyá àgbà gbọ́. Ìyá àgbà ò lè kà á. Ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń lọ síléèwé ṣọ́ọ̀ṣì lè kà á. Báyìí ni ipò ńlá ṣe bọ́ sọ́wọ́ ọmọdé.

Ẹ wo ipò náà bó ṣe rí gan-an. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, ìpè ìrun ti dún lọ́dọ̀ àwọn ẹbí tó jẹ́ mùsùlùmí lódìkejì ọ̀nà, ìyá àgbà sì lu agogo. Wọ́n tẹ́ ẹní. Wọ́n kọ orin kan. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ṣí ìwé Dáníẹ́lì, ó ń fi ìka tọ ìlà, ó dé orí Nebukadnessari, ahọ́n rẹ̀ lọ́. Ìyá àgbà tí kò mọ̀wé rárá bá a pe orúkọ náà geere, láìlajú, ọmọ sì tẹ̀ síwájú. Ibi tí ìgbàgbọ́ ti ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn nìyẹn: ojú ọmọ ló rí i, etí àgbà ló mọ̀ ọ́n, kò sì sẹ́ni tó lè dá a ṣe nínú àwọn méjèèjì. Àdúrà tí bàbá gbà lẹ́yìn náà dára, àmọ́ ó lè dá a gbà nínú yàrá.

Ìjẹ̀bú-Òde tí kò jìnnà sí wa ní ẹ̀rí tirẹ̀. Lọ́dún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn ń pa èèyàn káàkiri ayé, àwọn ọmọ ìjọ St Saviour's kan bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ gbàdúrà, J. B. Shadare wà lára wọn. Sophia Odunlami dara pọ̀ mọ́ wọn, ọ̀dọ́mọbìnrin tó jẹ́ olùkọ́ iléèwé, àwọn àgbà sì fetí sí iṣẹ́ tó ní Ọlọ́run rán òun. Inú ẹgbẹ́ àdúrà yẹn ni gbòǹgbò ìjọ Christ Apostolic Church wà. Kì í ṣe tuntun nílẹ̀ yìí kí àgbà jókòó, kí èwe tó mọ̀wé máa sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run.

Ní ti iṣẹ́ ìsìn tí ìwé kíkà yìí ń kọ́ ọmọ, kò nílò àlàyé gígùn. Ọmọ tó ń kà fún ilé á kà fún opó àdúgbò tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà l'Ékòó. Láàárọ̀ Sátidé, á bá wọn gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀rù ń bà mí ṣá. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ka Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì lórí fóònù báyìí. Wọ́n ń kà á wààrà, ìyá àgbà ò sì ní ohun tó máa fi ràn wọ́n lọ́wọ́. Á kàn jókòó sórí ẹní bí àlejò, nínú ilé tó bá wọn kọ́. Àwọn ọmọ ò ṣẹ̀. Àwa òbí la ò kọ́ wọn ní Yorùbá kíkà, tí a ní Gẹ̀ẹ́sì ló máa gbà wọ́n là. Mo dábàá pé kí gbogbo ilé tó ṣì ní ìyá àgbà dá Bíbélì Yorùbá padà sórí ẹní, kí wọ́n fi Sáàmù 117 bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ 2 péré ni. Bí ọmọ bá kọsẹ̀, kí bàbá dákẹ́, kí ìyá àgbà bá a pè é.